Bí Abẹ́rẹ́ Ṣe Di Oníbọ́tìnnì

Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè ẹni tó ń jẹ́ olókòwò, wọ́n á ní ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni. Irọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó lówó, tí wọ́n rajà sílẹ̀ títí tó fi bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé kò ní ju ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ, àti ojú tó ń wo ọmọ èèyàn dáadáa.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti kọ́ṣẹ́, torí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ, ó ní kó máa bá òun ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yìí mọ aṣọ gé. Bó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ bí ìbàdí onítọ̀hún ṣe fẹ̀ tó. Ohun kan ṣoṣo ló kórìíra láyé, ìyẹn àtúnṣe. Kí oníbàárà gbé ṣòkòtò tó ya dé, tàbí aṣọ tí sípù rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Á ní, "Ẹ fi síbẹ̀, ẹ padà wá lọ́la." Àpò ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ tí wọ́n ń ju gbogbo wọn sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ránṣọ rí mọ̀ pé ọ̀la télọ̀ kì í mọ́ bọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ fẹ́ràn àpò yẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á fa aṣọ kan yọ níbẹ̀. Á tú fọ́nrán òwú díẹ̀ láti inú etí aṣọ náà fúnra rẹ̀, á sì fi hun ojú ibi tó ti ya díẹ̀díẹ̀, títí ẹni tó ni aṣọ gan-an kò fi ní rí ibẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá wá gbà á, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń wọ Abẹ́rẹ́ lákínyẹmí ara. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí àpò ṣọ́ọ̀bù kan bá kún tó báyìí, báwo ni tàwọn télọ̀ tó kù ní ìlú ṣe máa rí?

Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ dá dúró, pé àtúnṣe nìkan lòun fẹ́ máa ṣe.

"Àtúnṣe nìkan?" Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló máa gbé aṣọ tó ya wọ ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo ayé?"

"Àwọn tó ń gbé e wá síbí ńkọ́, mà?"

"Aṣọ tuntun ni wọ́n ń bá wá. Èyí tó ya, wọ́n kàn há a sábíyá ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ fi tábìlì ìgéṣọ yìí lé lọ́wọ́. Ó dáa, lọ gbìyànjú ẹ. Tí ọdún bá yí po, màá wá gbọ́ èsì. Tó ò bá fẹ́ ẹ, màá fún ẹlòmíì."

Ọkọ Abẹ́rẹ́, káfíńtà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti ń tu owó jọ láti fi ra ẹ̀rọ tó ń fá pákó. Ó gbé owó náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi gba ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣì lè fá pákó." Ká sòótọ́, irú ọkọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ojú títì gan-an ni Abẹ́rẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù sí, níwájú ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, kí gbogbo ayé lè rí i. Gíláàsì ńlá wà níwájú rẹ̀. Ó ní kí ọkọ òun kọ ọ́ gàdàgbà sórí pákó pé: A Ń TÚN AṢỌ TÓ YA ṢE. Ó gbálẹ̀, ó jókòó, ó ń retí. Eṣinṣin ló ń lé. Àwọn èèyàn á ka pákó náà tán, wọ́n á wá kọjú sí ibòmíràn. Kódà, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ á kí i láti òdìkejì títì, wọ́n á sì tẹsẹ̀ mọ́rìn. Ìbànújẹ́ dé bá a. Gbogbo ìgbà tó bá rí ọkọ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ fá pákó, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé òun jí nǹkan rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀, omi ń ta wọlé láti iwájú. Abẹ́rẹ́ fa kọ́tìnnì bo gíláàsì, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ibẹ̀ ni ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé gbà wọlé, tó rin gbingbin, tó gbá ọ̀rá kan mọ́yà. Kóòtù rẹ̀ tí ìṣó ti fà ya ló wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dúró di inú òjò?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọjá níwájú ibí. Ìwọ náà wo bí àwọn èèyàn ṣe ń tò síwájú gíláàsì yẹn bí ẹni wá wòran. Ṣé kí wọ́n sọ pé aṣọ ti tán lọ́rùn mi ni?"

Abẹ́rẹ́ tún kóòtù náà ṣe. Bí ìyá yìí ṣe fẹ́ jáde, ó pàdé ará àdúgbò rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, onítọ̀hún sì bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀.

Ó dáhùn kíá pé, "Bọ́tìnnì ni mo wá rà."

Bẹ́ẹ̀ kò sí bọ́tìnnì kankan fún títà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, àfi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e lójijì. Wọ́n ní aṣọ là á kí ká tó kí èèyàn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya ń wá ẹni tó máa tún un ṣe lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń wá ẹni tó máa bò ó láṣìírí. Òun sì ti gbé àṣírí gbogbo ìlú sínú gíláàsì!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra bọ́tìnnì, tońlá tokékeré, ti kóòtù àti ti ọmọdé. Ó ní kí ọkọ òun já pákó àkọ́kọ́, kó kan pẹpẹ sára ògiri, kó sì kọ òmíràn pé: BỌ́TÌNNÌ ORÍṢIRÍṢI. Ọkọ wò ó títí. "Télọ̀ tí kò fẹ́ ránṣọ mọ́, ó tún ti di oníbọ́tìnnì. Ọlọ́run, ṣàánú ilé wa." Àmọ́ ó kan pẹpẹ náà, ó sì dára lójú.

Abẹ́rẹ́ ta kọ́tìnnì sí àárín ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá wá gba aṣọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ọ̀rá laṣọ á wà, bọ́tìnnì tó rà á wà lókè. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tàn kálẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Wọ́n kàn ń wọlé ni. Gẹ̀rígẹ̀rí tó ń gẹ irun ní òdìkejì títì máa ń pariwo pé, "Kí ló ń já bọ́tìnnì àwọn ará ìlú yìí? Ṣé wọ́n ń wọ̀yá ìjà ni?" Nígbà tó yá, òun náà wá ra bọ́tìnnì, ó sì fi ọwọ́ kan di ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

Bí Abẹ́rẹ́ bá pàdé oníbàárà níta, ojú rẹ̀ kì í kan aṣọ ọrùn onítọ̀hún. Bí ọkọ rẹ̀ bá bi í pé ta ló ni kóòtù báyìí, á ní, "Ẹni tó ni ín ni." Àmọ́ ó ń dùn ún. Bó bá gbọ́ tí wọ́n ń yin aṣọ tó jẹ́ pé òun ló jí i dìde, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó rán an, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ká ní ó wà nídìí tábìlì ọ̀gá rẹ̀ ni, gbogbo ayé ni ì bá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ṣọ́ọ̀bù ti ń bọ́ wọn, síbẹ̀ kò tíì mọ èsì tó máa fún ọ̀gá.

Ọ̀gá sì dé. Àwọn obìnrin méjì ń ṣa bọ́tìnnì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, oníbàárà ọ̀gá sì làwọn méjèèjì. Ọ̀gá wo àwọn obìnrin náà, ó fún ọ̀rá tó wà lábíyá rẹ̀ mọ́ra, ó wá sọ̀rọ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ:

"Bọ́tìnnì ni mo wá rà."

Abẹ́rẹ́ ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn níbí, ibẹ̀ làwọn tó dáa wà."

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ọ̀gá tú ọ̀rá. Kóòtù tuntun ni, áyọ́ọ̀nù sì ti jó o lẹ́yìn. "Mi ò rí i pé iná ti pọ̀ jù," ló sọ. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ ò tíì mọ̀. Ọ̀la ni ẹni tó ni ín ń bọ̀."

"Ẹ jókòó, mà."

Abẹ́rẹ́ tú òwú láti inú etí kóòtù, ó tẹrí ba, ó ń hun ún. Ọ̀gá jókòó títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ojú rẹ̀ ń lọ lára àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ó ń fọwọ́ bà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí bí ojú kò bá rí i, ọwọ́ ṣì mọ iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Èyí, èmi ni mo gé e. Èyí náà. Yéè, èyí náà!" Ó kọjú sí Abẹ́rẹ́. "Wọ́n máa ń sọ fún mi pé aṣọ tí mo bá rán kì í gbó. Inú mi á dùn. Àṣé ìwọ ni wọ́n ń yìn tí mò ń dáhùn."

"Ẹ̀yin lẹ gé e, mà. Èmi kàn ń bo àṣírí ni."

Ọ̀gá fi etí gèlè nu ojú rẹ̀. "Tábìlì yẹn..."

"Ẹ fún ẹlòmíì, mà."

Abẹ́rẹ́ na kóòtù náà, ó ká a, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Ó wá lọ sídìí pẹpẹ, ó fara balẹ̀ ṣa bọ́tìnnì dúdú díẹ̀, ó wé wọn sínú bébà, ó sì fi lé e lórí.

"Ẹ fi bọ́tìnnì yín sókè dáadáa, mà," ló sọ. "Àwọn èèyàn wà níta."