Síìmù Chimène Tó Wà Lórúkọ Firmin

Chimène tó ń ta gààrí ní Bantè kì í ṣe ojo. Ojú mi báyìí ló ṣe já àpò gààrí gbà padà lọ́wọ́ awakọ̀ tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Àmọ́ nígbà tó ń wá ọ̀nà tí àwọn oníbàárà orí WhatsApp yóò máa gbà sanwó fún un, ẹ̀rù bà á gan-an.

Nọ́mbà fóònù tirẹ̀ ni wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Kọ́tọ́nù ń kùn pé owó ìfiránṣẹ́ ti pọ̀ jù. Líǹkì ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gba káàdì báńkì, kódà láti Nàìjíríà, àmọ́ wọ́n á di owó mú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn tó ni ẹ̀gẹ́ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà? Kóòdù oníṣòwò, nọ́mbà ìgbowó tí ilé iṣẹ́ fóònù ń fún ọlọ́jà, ló wù ú: oníbàárà ò ní san nǹkan kan lé e, òun ni wọn yóò yọ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ fóònù tó bá ní Savalou ní, “Màmá, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín wá. Orúkọ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti síìmù mu.”

Chimène ò ní ìwé kankan nígbà tó ra síìmù náà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Káàdì Firmin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní Djaloukou, ló yá lò. Ọ̀pọ̀ wa ló ṣe bẹ́ẹ̀, a ò kà á sí. Orúkọ Firmin ni ẹni tó bá sanwó ń rí. Gbogbo owó ẹ̀gẹ́ ọdún yìí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin sééfà, wà níbẹ̀ lórúkọ olórúkọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí Firmin bá ní tòun ni owó náà, ta ni yóò gbèjà opó? Tìtorí ẹ̀ ló ṣe ń sá fún un láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó má baà rántí.

Ó wọ sùtánà rẹ̀, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀, ẹ̀rù ò lọ. Ó gun alùpùpù lọ sí Djaloukou, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.



Firmin ní, “Ìyàwó wa, mi ò gbàgbé síìmù yẹn rí. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá, gbogbo ẹbí ló ń fowó ránṣẹ́. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń wò ó bóyá orúkọ ara mi ni yóò yọ, kí n lè mọ̀ pé ìwọ lo fi ránṣẹ́. Kò yọ rárá.”

Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí àwọn tètè máa lọ yí orúkọ síìmù náà padà ní Savalou kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́. Lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, ìtìjú ò jẹ́ kí Chimène lè dìde.