Géèmù Tí Kò Mọ Ìkúnlẹ̀

Wọ́n ní eré ni. Èmi ò rí eré kankan níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì, ló fi géèmù náà sórí fóònù mi nígbà tó wálé fún ọlidé. Ó ní kí n fi gbàgbé wàhálà ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ní fáìlì ìgbéga mi ti wà lórí tábìlì ọ̀gá wa fún ọdún méjì, tó sì ku ọdún kan péré kí n fẹ̀yìn tì.

Ilẹ̀ funfun gbalasa ló wà nínú rẹ̀, àti ènìyàn dúdú kan tí kò lójú, tí kò nímú, tó ń rìn lọ. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí à ń wá. Ilé kan á hù látòkè, á dorí kodò. Ẹja á gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde, á máa sunkún. Ọwọ́ tó dilẹ̀ lèṣù ń yá lò. Ẹni tó jókòó ṣe èyí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Òjìji gíga kan jókòó sórí àga lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ni mo ti ń kú. Mo kú ní Fúráìdé títí ojú fi tì mí. Lọ́sàn-án Sátidé, mo pa ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ jẹ, mo tún jókòó kú sí i.

Ọmọ mi wo bí mo ṣe ń ṣe é, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ta ló ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀?"

Lóòótọ́, tí mo bá ti dé iwájú òjìji yẹn, ìka mi á fa ènìyàn mi wálẹ̀, á kúnlẹ̀. Òjìji á gbé ẹsẹ̀ lé e, ó parí.

"Àgbàlagbà ló jókòó yẹn. Ṣé kí n kàn gba iwájú ẹ̀ kọjá bí ewúrẹ́ ni?"

"Kò tiẹ̀ lójú, Mọ́mì. Ẹ dúró, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ kọjá."

Mo dúró. Mo wò ó. Géètì ṣí.

"Ìranù!" Mo ju fóònù sórí àga. Inú bí mi pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ju ọ̀gá wa yẹn lọ; agbéraga lásánlàsàn ni ọkùnrin náà. Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí i, kó lè rántí mi. Á fi ìka kan dáhùn láì gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. N ó dìde, n ó sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ní Mọ́ńdè, mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo dúró. N kò kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, bóyá ó rò pé àlejò ni.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Fáìlì ìgbéga mi ni mo bá wá."

"Fáìlì ìgbéga wo nìyẹn, mà?"

Kò parọ́, mo rí i lójú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi orúnkún nu ilẹ̀ ọ́fíìsì yẹn, n kò sì fìgbà kan sọ fún un pé nǹkan kan wà tí mo ń fẹ́.