Ọkọ̀ Tí Kì í Kú

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Eudochia Bejan fi wa bọ́ọ̀sì oníwáyà nílùú Răutești, láti ibùdókọ̀ ojú irin títí dé ilé ìwòsàn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní Eudochia mọ́. Tanti Docia, ìyẹn Àǹtí Docia, ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Bó bá ti jókòó sídìí sítíárì, ìdí rẹ̀ ni yóò sọ fún un bí táyà ṣe rí, etí rẹ̀ ni yóò sọ bí wáyà òkè ṣe rí. Ọ̀pá méjì ló wà lórí irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń fa iná láti ara wáyà. Bí ọ̀pá bá já kúrò, ẹ máa gbọ́ gbàù lókè, iná á lọ, ọkọ̀ á kú síbi tó wà. Lójú ẹsẹ̀ ni Docia á ti sọ̀kalẹ̀ tòun tìbọ̀wọ́, á lọ sẹ́yìn ọkọ̀, á fa okùn tó so mọ́ ọ̀pá, á dá ọ̀pá padà sára wáyà, á sì gòkè padà. Kí èrò tó pòṣé tán, ọkọ̀ ti ń lọ.

Kọ́nà ilé búrẹ́dì ni ọ̀pá ti máa ń já jù, nítorí wáyà ibẹ̀ yà bìrí. Gbogbo ìlú ló mọ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di àǹfààní. Bí wọ́n bá ti gbọ́ gbàù, àwọn tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì á gba iwájú ọkọ̀ sọdá, láì wọ̀tún, láì wòsì. Ọkọ̀ tó ti kú, kí ló fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe? Ìyá á ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, bàbá arúgbó á rọra wọ́ ẹsẹ̀ kọjá. Docia fúnra rẹ̀ a máa kí wọn bó bá ń lọ fa okùn.

Nígbà tó yá ni ìlú mẹ́ta pawọ́ pọ̀: Răutești, ìlú kan ní Poland, àti ìlú kan ní Italy. Àwọn ará Poland ti pẹ́ nídìí bọ́ọ̀sì oníwáyà tó tún ní bátìrì, àwọn ará Italy mọ tinú tẹ̀yìn bátìrì náà, Răutești ní tirẹ̀ sì ní àdúgbò tuntun kan lórí òkè tí wáyà ò dé, táwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ rin ẹrọ̀fọ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n lọ wo ara wọn nílé, wọ́n wá fẹnu kò pé kí bọ́ọ̀sì tuntun méje wá, kí Poland sì fi olùkọ́ ránṣẹ́. Awakọ̀ mẹ́fà ni wọ́n yàn pé kí wọ́n kọ́ ọ. Docia ló dàgbà jù nínú wọn.

Bogumiła lorúkọ olùkọ́ náà, awakọ̀ lòun náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Èdè Rọ́ṣíà tó kọ́ nílé ìwé ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi sọ́kàn: ọkọ̀ yìí kì í kú. Bí ọ̀pá bá já, bátìrì á gbà á ṣe. Kí awakọ̀ jókòó jẹ́ẹ́, kó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀pá á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá sì kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ á máa rìn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ pé kó rìn. Docia mi orí, ó ní òun ti gbọ́.

Orí ló gbọ́. Ara ò gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, òun nìkan ló wà nínú ọgbà gáréèjì, ó ń wa ọkọ̀ náà yí po kó lè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pá já, gbàù. Nígbà tí yóò fi mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà nílẹ̀, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti di okùn mú. Ìgbà yẹn ló rí i pé táyà ń yí. Ọkọ̀ ń lọ, kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀, kò pariwo, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ológbò tó rí ẹran. Docia sáré tẹ̀ lé e, kò bá a. Òkìtì táyà àlòkù ló dá ọkọ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí obìnrin tó ń fọ ọkọ̀ máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí. Àpótí ọ̀hún ti di pẹlẹbẹ. Oúnjẹ ni obìnrin náà lọ jẹ.

Ẹnikẹ́ni ò rí i. Docia gòkè, ó fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó kó àpótí tó fọ́ dànù, ó sì panu mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára bí òtútù. Kò lè jẹ mămăligă, òkèlè àgbàdo wọn, mọ́, wàràkàṣì tó fẹ́ràn jù lọ ń gbẹ sínú àwo. Lọ́jọ́ kan, ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Tudor ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń bu ọbẹ̀, gbàù. Kó tó bẹ̀rẹ̀ mú un, Docia ti dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìlẹ̀kùn.

"Níbo lò ń lọ, Docia?" ni Tudor wí. "Ìkòkò ò lọ́pàá o."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Docia padà wá jókòó. Kọ́nà ilé búrẹ́dì ló ń rí níwájú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ ló ń rí.

Ó rò ó pé kóun sọ. Àmọ́ ó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Stăvilă, ọ̀gá gáréèjì, ti kéde pé àwọn àlejò láti ìlú méjèèjì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta láti wọ ọkọ̀ náà dé orí òkè, pé Docia ni yóò gbé wọn, pé ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, kó yáa kó kọ́kọ́rọ́ fáwọn ọ̀dọ́. Bó bá sọ, wọ́n á gbé e dìde nídìí sítíárì. Iṣẹ́ wo ló tún mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn?

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta náà, ó bá Bogumiła nínú yàrá awakọ̀ níbi tó ti ń mu tíì. Ó jókòó tì í, ó lanu. Bogumiła ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Inú ẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti kọ̀wé sílé pé awakọ̀ kan wà níbí tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó mọ iṣẹ́ tuntun yìí ju àwọn ọmọdé lọ, wọ́n sì fẹ́ kó wá bá àwọn awakọ̀ wọn sọ̀rọ̀ ní Poland. Docia ní òun dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àlejò mẹ́jọ wọlé pẹ̀lú ògbufọ̀ wọn, ará Italy kan sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Stăvilă dúró lẹ́bàá èjìká Docia, Bogumiła jókòó sẹ́yìn wọn. Lórí òkè, àwọn ará ibẹ̀ ti gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ tí wọ́n fi ń kí àlejò dání láti fi pàdé wọn. Docia kọjá ọjà, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bẹ Ìyá Olúwa lábẹ́lẹ̀ pé kí ọ̀pá má já lónìí, ọjọ́ kan péré. Ó dé kọ́nà ilé búrẹ́dì.

Gbàù.

Ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga, òun gan-an mọ̀ ọ́n lára bó ṣe kúrò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn. Níwájú, obìnrin kan ti ti kẹ̀kẹ́ ọmọ sọ̀kalẹ̀ sójú títì, bàbá arúgbó kan tẹ̀ lé e, wọn ò tilẹ̀ wo apá ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹsẹ̀ Docia ti kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Docia já ọwọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa bíréèkì ọwọ́, ó tún fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde dúró lórí ti ìsàlẹ̀. Àwọn àlejò forí sọ ìjókòó iwájú. Ọkọ̀ dúró síbi tí obìnrin náà lè nawọ́ kàn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó rò pé Tanti Docia ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá fa okùn ni.

Bogumiła sún mọ́ ọn, ó rọra sọ fún un pé kó tẹ bọ́tìnnì. Docia ò gbé ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọdá, wọ́n tún ń sọdá. Stăvilă payín keke, ó ní àlejò ń wò wọ́n.

"Wọ́n rò pé ó ti kú," ni Docia wí.

"Ta ló rò bẹ́ẹ̀?" Bogumiła bi í.

"Gbogbo wọn. Èmi náà."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn: gbàù ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, okùn, táyà tó ń yí, àpótí tó di pẹlẹbẹ. Ògbufọ̀ ń tú u, ará Italy yẹn ò kọ̀wé mọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, Tanti Docia?" ni Bogumiła wí.

"Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀rù yẹn wá ti lọ ni?"

"Kò lọ. Èyí tó wà lójú títì yìí ló jù ú lọ."

Bogumiła yíjú sójú títì. Àwọn tó ń sọdá ló ń wò. Ní ìlú tiẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gba iwájú bọ́ọ̀sì kọjá, ọ̀pá já, ọ̀pá ò já. Nínú gbogbo lẹ́tà táwọn ìlú mẹ́ta kọ síra wọn, kò sẹ́ni tó rántí béèrè báwọn ará Răutești ṣe ń sọdá lọ ra búrẹ́dì.

Stăvilă ní kí Docia dìde. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ márùn-ún yòókù, tó ti jókòó sẹ́yìn pátápátá, bọ́ sórí àga, ó gbé àlejò gòkè lọ, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n jẹ iyọ̀. Docia kù sí kọ́nà tòun ti báàgì rẹ̀.

Bogumiła fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sáwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé kí bíréèkì máa di táyà mú bí ìlẹ̀kùn awakọ̀ bá ṣí, kí wọ́n sì fi ohùn kan sínú ọkọ̀ náà kí aráàlú lè máa gbọ́ bó bá ń bọ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn á jíròrò rẹ̀ nípàdé ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìrìn àjò Poland mọ́. Ní báyìí ná, ẹ̀wù tó ń tàn yanran ni wọ́n wọ̀ fún Docia, wọ́n ní kó máa dúró ní kọ́nà ilé búrẹ́dì, kó máa kọ́ ìlú bí wọ́n ṣe ń sọdá.

Ìlú ò tètè gbọ́. Bàbá Anghel, ẹni ọgọ́rin ọdún, fẹ́ kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ àná bí gbàù ṣe dún.

"Docia, o ti di ọlọ́pàá? Kúrò lọ́nà mi, ọkọ̀ ti kú."

"Kò kú, Bàbá. Ẹ dúró."

Ó di apá bàbá náà mú pinpin. Ọkọ̀ náà yọ ní kọ́nà láìpariwo, ó sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ gbé etí ẹ̀wù bàbá sókè. Docia ò wo táyà, kò sì wo ọ̀pá. Àga awakọ̀ ló kọ́kọ́ wò, bó ṣe ń wò ó nígbà gbogbo, bóyá ẹnì kan jókòó síbẹ̀.