Ọjọ́ Ìsinmi Tí Wọ́n Pe Ọkọ Mi Síṣẹ́

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámù. Ọkọ yín kò kú sẹ́nu iṣẹ́."

Akọ̀wé ìjọba kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Adó, láìgbójú sókè. Mo rò pé etí mi ló ń dùn. Mo bi í pé ẹnu kí ló wá kú sí. Ó ní ohun tí ọ̀gá ọkọ mi kọ ránṣẹ́ ni pé ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni, pé kò wọ aṣọ iṣẹ́, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló tẹ̀ lé wọ igbó. Owó gbà-má-bìínú tí ìjọba ń fún ẹbí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó bá iṣẹ́ lọ kò kan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe dé gáréèjì lọ́jọ́ náà.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òmù-Èkìtì. Àgbẹ̀ ni ọkọ mi. Nígbà tí àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí èèyàn rí oko lọ mọ́ ní agbègbè wa, tí wọ́n ń gba àwọn ọkùnrin tí yóò máa ṣọ́ igbó, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Mo bá a jà sí i. Ó ní ta ni kí ó wá bá òun ṣọ́ oko òun.

Ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kí ó lọ sinmi, nítorí náà mo ti fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, mo sì ti sá a. Èmi, òun àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gaàrí. Fóònù rẹ̀ dún. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kí ó tó gbé e.

"Yẹ́sà. Mo wà nílé, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n sinmi lónìí, sà." Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. "Ó dáa, sà. Mò ń bọ̀, sà."

Ó dìde, ó lọ fọwọ́ kan aṣọ iṣẹ́ náà. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó ní àwọn ajínigbé ti kó àwọn àgbẹ̀ kan wọ igbó tó wà lẹ́yìn Ayégbajú, pé ọ̀gá ní kí òun wá kíákíá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tó fi ń lọ sóko, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ó jẹun kí ó tó lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi dé e mọ́lẹ̀." Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gun ọ̀kadà wá gbé e. Ọmọ Òkè-Ako ni ọkùnrin náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń jọ rán jáde. Ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi: "Ìyàwó wa, a ó padà wá jẹ gaàrí yẹn o." Wọ́n lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n wá pè wá pé kí á máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Àwọn àgbẹ̀ ti bọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìbọn ti fọ́ egungun itan rẹ̀. Ọkọ mi ti kú kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Fóònù rẹ̀ kò jáde nínú igbó náà.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ kí n lépa owó ìjọba rárá. Nígbà tí mo ti Adó dé, tí mo ròyìn fún un, ó ń fẹ́ iná lọ́wọ́, kò yíjú sí mi.

"Orúkọ wo lo pe owó ọ̀hún?"

"Owó gbà-má-bìínú, Màmá."

"Ta ló sọ fún wọn pé n kò bínú? Mò ń bínú. Kí wọ́n gbé owó wọn dání, kí n máa bínú mi lọ nínú ulé mi."

Kì í ṣe òun nìkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní àwọn èèyàn ń sọ pé mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ṣòwò. Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí á gbàgbé owó ná. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Adó pé ọmọ yín kàn tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ ni. Bí àwọn ọmọ yìí bá dàgbà, ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀ nìyẹn."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

"Uṣẹ́ ló lọ," ló wí. "Emi gan-an ni mo ní kó jẹun kó tó lọ s'uṣẹ́. Lọ wá ẹni tó wá gbé e."

Ọ̀nà Òkè-Ako kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń rìn bó bá ṣe wù ú. Ní Ìkọ̀lé, ọkọ̀ kan péré ló ń lọ, dẹ́rẹ́bà sì ti kìlọ̀ pé òun kò ní dúró gbé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Níbi tí igbó ti há títì mọ́ra, a rí ẹ̀ka igi ńlá kan tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì. Kò sí ibi tí ó lè yí padà sí. Àwọn ọkùnrin jáde láti inú igbó lọ́tùn-ún lósì, ìbọn wà lọ́rùn wọn. Ìyá tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ronú kan àwọn ọmọ mi, mo ronú kan ẹni tí yóò lọ mú wọn nílé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé. "Ẹ káàsán o. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọdẹ ìlú ni wá. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀ṣọ́ tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ lọ wò. Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ẹ óò bá a nílé. Ṣùgbọ́n kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́ o." Wọ́n gbé ẹ̀ka igi náà kúrò.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó bu omi fún mi. Àfi ìgbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Aǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀gá wọn ti wá síbí. Ó ní owó tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó ní bí ọkọ mi bá yí ọ̀rọ̀ tó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ padà nísinsìnyí, wọn yóò ní irọ́ ló ti ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀, tiwa náà yóò sì wọmi. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ṣì máa tún là á ní ilé ìwòsàn. Kí la fẹ́ fi là á?"

Ọkùnrin náà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú gbọọrọ. Ó ti gbẹ. Kò wò mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ purọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti gbọ́ ẹjọ́ owó yìí máa jókòó ní Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ mọ̀."

"Ìyàwó wa," ló dáhùn, "ẹ máa lọ sílé kí ilẹ̀ má baà ṣú sí yín lọ́nà."

Ohun tó sọ fún mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù mi dún nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Ohùn ọ̀gá wọn ni. Ohùn rẹ̀ tutù, kò jọ ohùn ẹni tó ń bínú.

"Màdáámù, wọ́n ní ẹ lọ sí Òkè-Ako. Ọ̀nà yẹn ò dáa fún obìnrin o. Ẹ rántí pé ẹ ní ọmọ."

Mo ní mo dúpẹ́, sà. Mo padà sídìí pátákó ìkọ̀wé, mo parí iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi, mo rò pé yóò ní kí n jọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣe ló bọ́ sí yàrá, ó gbé aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ jáde. "Bí o bá ń lọ Ìkọ̀lé, emi náà ń lọ."

Gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ ni ìgbìmọ̀ náà jókòó sí. Obìnrin agbẹjọ́rò kan ni alága. Ọ̀gá ọkọ mi wà níwájú, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gún régé, ó sì kí ìyá ọkọ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó kàn án, ó tún ohun tó ti kọ ránṣẹ́ sọ. Ó ní ikú náà dun òun, ṣùgbọ́n òfin lòfin. Ó ní òun kò ránṣẹ́ pè é.

Èmi náà sọ tèmi. Mo sọ̀rọ̀ aṣọ iṣẹ́ tó tutù, mo sọ ohun tí ọkọ mi sọ lórí fóònù.

Alága bi mí pé, "Ẹ̀yin fúnra yín, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹni tó pè é?"

"Rárá, mà."

"Fóònù náà ńkọ́?"

"Wọn ò rí i nínú igbó, mà."

"Ṣé ẹ ní ẹlẹ́rìí mìíràn?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo ní, "Ó lè máa bọ̀ lọ́nà, mà." Ọ̀gá náà rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. Alága ní kí wọ́n gbọ́ tàwọn tó kù ná.

A jókòó. Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, wọ́n pe ìyá arúgbó kan tó wá gbẹ́nu sọ fún ọmọ rẹ̀. Bí alùpùpù kan bá ti ń bọ̀ lóde, ọkàn mi á fò sókè. Bó bá kọjá, á tún rọlẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò gbọ́wọ́ kúrò lórí itan mi. Wọ́n ti gbọ́ ti ẹni tó kẹ́yìn. Alága ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ń wá ojú mi, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó ará Òkè-Ako wọlé, ó di ilẹ̀kùn mú fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Eruku ọ̀nà ti bo ojú rẹ̀, ìrora sì ti jẹ́ kí ètè rẹ̀ funfun. Wọ́n fún un ní àga, ó ní òun yóò dúró.

Alága ní, "Ta ló pe olóògbé jáde lọ́jọ́ yẹn?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi? Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo dúró sí nígbà tí ẹ pè é. Mo ní kí á dúró de àwọn ti Ìkọ̀lé, pé àwa méjì ò tó. Ẹ ní kí n lọ gbé e ní Òmù, pé àwọn ajínigbé yóò sá lọ."

Ọ̀gá náà fẹ́ sọ̀rọ̀, alága na ọwọ́ sí i pé kí ó dákẹ́. Ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò dúró, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá dúró òun kò ní lè tún bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n gbọ́ igbe obìnrin kan nínú igbó. Ó ní ọkọ mi yìnbọn sókè, àwọn àgbẹ̀ sá gba apá kan, àwọn ajínigbé sì kọjú ìbọn sí àwọn. Ìbọn ba òun lẹ́sẹ̀, òun ṣubú síta gbangba.

"Ó ti rí igi tí ó lè sá sí. Ó ti sá sẹ́yìn rẹ̀. Ó tún padà wá wọ́ mi. Ibi tó ti ń wọ́ mi ni wọ́n ti bà á."

N kò gbọ́ ìyẹn rí. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí, títí kan ìyàwó rẹ̀, torí ó di ẹnu mú.

Ìyá ọkọ mi dìde láìtọrọ àyè. "Ọmọ mi," ló bi í, "ṣé ó sọ ohunkóhun?"

"Ó ní kí n má pariwo, Màmá. Kò sọ nǹkan mìíràn."

Ó jókòó. Alága ní kí ọ̀gá náà dúró sẹ́yìn, ó ní kí àwa máa lọ.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó fi tó wa létí pé wọ́n ti gbà pé ẹnu iṣẹ́ ni ọkọ mi kú sí. Wọ́n san owó náà. Wọ́n gbé ọ̀gá náà kúrò ní agbègbè wa. Bóyá wọ́n fìyà jẹ ẹ́ ni o, bóyá wọ́n kàn gbé e lọ síbòmíràn ni o, ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Ti ará Òkè-Ako ló falẹ̀ jù, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe bẹ̀rù gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àfi kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń lọ sí Adó, a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, títí tiwọn náà fi jáde. Wọ́n là á lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ìdó. Ọ̀pá kan ló fi ń rìn báyìí.

Owó náà ni mo fi ń rán àwọn ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ìyá ọkọ mi ò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Mo gbé e fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n má dán an wò mọ́, n kò sì dán an wò mọ́.

Nígbà míì, ará Òkè-Ako máa ń wá kí wa ní Òmù. Yóò jókòó ti ìyá ọkọ mi níta, ìyẹn yóò sì sun iṣu fún un. Òjò tó pẹ́ kí ó tó dé ni wọ́n sábà máa ń sọ, àti irú ẹ̀gẹ́ tuntun tí àwọn èèyàn ń gbìn.