Omi Ẹ̀gẹ́ Nínú Kànga Mọ́sáláṣí

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni, à ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìn mọ́sáláṣí láti kírun ìrọ̀lẹ́. Ó bu omi sẹ́nu, ó tu ú dànù kíá, ó ní, “Màámi, omi yìí korò.” Mo ní kó dákẹ́, ṣé àlùwàlá là ń ṣe àbí ọbẹ̀ là ń tọ́ wò? Lẹ́yìn náà ni mo bu tèmi sẹ́nu.

Ó korò. Kì í ṣe kíkorò bí ewúro, tó máa ń fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Kíkorò tó ń fà mọ́ ọ̀fun ni, pẹ̀lú òórùn kíkan kan tí kò sí ẹni tó dàgbà ní agbègbè Lálúpọn tí yóò ṣì í mọ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ni.

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ àìsàn ọmọ mi sí. Ẹni tó bá ní àníyàn mi ti pọ̀ jù kò purọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ọmọ kan ṣoṣo yìí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé náà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú ti ń run ún. Ọjọ́ Ajé, inú rírun lẹ́yìn ilé kéwú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí nǹkan kan; kò lọ sí ilé kéwú. Ọjọ́rú, ó bì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ilé kéwú. Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, nọ́ọ̀sì ní ibà ni, ó fún wa ní oògùn ibà. Ibà tó mọ ọjọ́ tí ilé kéwú wà! Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ni wọ́n ti ń kéwú, kànga yẹn sì ni wọ́n ń mu.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì ló wà láàárín kànga àti kòtò ilé gàrí, ilẹ̀ sì rọra dà gẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ kànga. Mo tún un wọ̀n kí n má baà parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mọ́kànlélógójì náà ni.

Àlàájì kan ló ni ilé gàrí náà. Ibẹ̀ ni gbogbo abúlé ti ń rin ẹ̀gẹ́. Bí a bá rin ín tán, a ó dì í sínú àpò, a ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un, omi rẹ̀ a sì máa ṣàn lọ sínú kòtò. Baba Àlàájì ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, òun ló sì fi òfin kan lélẹ̀: ẹni tó bá fún ẹ̀gẹ́ lónìí ni yóò fi korobá gbọ́n omi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ kúrò nínú kòtò, yóò gbé e kọjá títì lọ dà sínú igbó níbi tí ilẹ̀ ti dà sísàlẹ̀, kó tó gbé àpò rẹ̀ lọ sílé. Baba kú, òfin bá baba lọ. Nígbà tí mò ń wí yìí, kòtò ti kún, ó ń ṣàn kọjá etí, ilẹ̀ àyíká rẹ̀ funfun, ó ń rùn.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ ohun tí omi náà lè ṣe. Bí ewúrẹ́ bá sún mọ́ kòtò yẹn, obìnrin mẹ́rin ni yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà nídìí agbada gàrí. “Lé e! Ó fẹ́ mu ún! Ó máa kú o!” Ewúrẹ́ ní ẹni tó ni ín ní abúlé wa. Ti ọmọ tó ń mu kànga, Ọlọ́run ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Àlàájì yìí ni ẹni tó ń ṣoore jù ní mọ́sáláṣí wa. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, níbi àsàlátù, ogún àpò píọ́ wọ́tà ló ń kó wá, ó ń pè é ní sàráà. Wọ́n á fi eyín fà á ya, wọ́n á ní kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Kì í mu omi kànga. Kì í tilẹ̀ fi í yọ ẹnu. Búútà àlùwàlá rẹ̀, láti ilé ló ti ń pọnmi sí i wá. Ọkùnrin náà mọ ohun tó wà nínú kànga ju èmi tí mo fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ lọ.

Mo lọ bá a ní ilé gàrí rẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlàájì.”

“Ìyàwó wa, ìwọ rèé. Ẹ̀gẹ́ dà?”

“Kì í ṣe ẹ̀gẹ́, sà. Kànga mọ́sáláṣí ti korò. Omi inú kòtò yín ló ń wọ ibẹ̀.”

“O wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wò ó ni?”

Mo ní mo wọn ilẹ̀, ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì, ó sì dà sọ́hùn-ún. Ó yíjú sí àwọn tó ń yan gàrí. “Ẹ gbọ́ o! Awọnlẹ̀ ìjọba ti dé! Ìyàwó oníwèé mẹ́wàá ti fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ Ọlọ́run!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn na ìgbálẹ̀ gàrí sí mi. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn ti ọkọ mi náà. Ìṣísẹ̀ mélòó ni láti yàrá mi dé ilé àlè rẹ̀?”

“Ìyẹn ò le,” ni èkejì rẹ̀ wí. “Ojúlé kẹta ni.”

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Àlàájì fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀, ó sọ ohùn rẹ̀ di ti wáàsí. “Ìyàwó, máa dúpẹ́. Ibòmíràn wà tí wọn ò rí omi rí, kíkorò o, dídùn o. Alihamudu lilahi ni kí mùsùlùmí máa wí. Ọlọ́run ò fẹ́ aláìmoore. Ṣebí mo ń fún yín ní píọ́ wọ́tà?”

“Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọjọ́ méje, sà. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù.”

“Kó máa gbé omi láti ilé. Ṣé ìwọ náà ò ní kànga nílé ni?”

Mo kúrò níbẹ̀. Láyé mi, mo ti gbọ́ alihamudu lilahi lẹ́nu ẹni tó fẹ́ kí n pa ẹnu mi dé ju bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń dúpẹ́ lọ. Wọ́n ti sọ ọpẹ́ di ọmọrí ìkòkò. Ohunkóhun tó bá ń rùn, wọ́n á fi dé e.

Mo ṣe bó ti wí, mo fún ọmọ mi ní omi ìgò kan lójoojúmọ́. Inú ṣì ń run ún. Mo bi í bóyá kì í mu omi tí mo fún un. Ó ní òun ń mu ún, àwọn ẹgbẹ́ òun náà ń mu ún. Mẹ́rìnlá ni wọ́n ní ilé kéwú. Bí ìgò kan bá ti tán lẹ́nu ọmọ mẹ́rìnlá, gbogbo wọn á jọ lọ sídìí kànga.

“Má pín in mọ́,” ni mo wí. “Tìrẹ ni.”

“Màámi, Ààfáà ní ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní nǹkan, kó fún ẹlòmíràn.”

Nínú gbogbo abúlé, òun nìkan ló gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́, èmi sì ni mò ń bá a wí pé kó yé gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ààfáà ka Súrà Wáákíà níbi àsàlátù. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa dáadáa. N kò ní gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ń bi wá nípa irúgbìn tí à ń gbìn, ṣé àwa là ń mú un hù ni. Ó ní Ó tún ń bi wá nípa omi tí à ń mu, ta ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú òjò. Bí Ó bá fẹ́, ì bá sọ ọ́ di kíkorò, kí ló dé tí a kì í dúpẹ́? “Subuhánálláhì!” ni gbogbo ilé. Wọ́n ń mi orí. Píọ́ wọ́tà wà lọ́wọ́ wọn, kànga kíkorò wà lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lórí omi kíkorò, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó bojú wẹ̀yìn. Ààfáà wá gbàdúrà fún Àlàájì, tí Ọlọ́run lò láti fún wa ní omi dídùn mu.

Mo nawọ́.

“Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, kànga ẹ̀yìn yìí tó korò, ta ló sọ ọ́ di kíkorò? Ṣé Ọlọ́run ni?”

Ààfáà húkọ́. Ó ní ìbéèrè náà dára, pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìsí àṣẹ Ọlọ́run.

“Omi ẹ̀gẹ́ ni, Ààfáà. Ọlọ́run kì í rin ẹ̀gẹ́.”

Àwọn kan ké “Asitagafurulai!” Àwọn kan fi gèlè bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àlàájì ń wo àjà. Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Mo ní wọ́n gbọ́ ọ lónìí.

Ìyá àgbà kan wà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdé ló ti ń yan gàrí. Èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò mọ̀ ọ́n kà, ì báà ṣe kéwú, ì báà ṣe ìwé. Ó pè mí láti ọ̀hún.

“Ìyàwó.”

“Màmá.”

“Ọjọ́bọ̀ tí ilẹ̀ mọ́ tí ọmọ rẹ tu omi dànù, àpò méjì ta ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ?”

“Tèmi ni, màmá.”

“Omi wọn ńkọ́? Ibo lo gbé e dà sí?”

Mo rántí gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago kan ni ọmọ mi ń jáde nílé ìwé, títì tí ọkọ̀ ńlá ń gbà sì wà láàárín ilé ìwé àti ilé; n kì í jẹ́ kó dá a sọdá. Mo wo kòtò, ó ti kún. Mo wo korobá. Mo wo aago. Mo gbé àpò mi, mo ní n ó padà wá gbọ́n ọn lọ́la. Lọ́la, n kò padà. Lórí ẹní níbẹ̀, tí gbogbo mọ́sáláṣí ń wò mí, mo ka iye ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjì: ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ọmọ ni mo ṣe sáré. Mo ń sáré lọ gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀, mo sì ti da ohun tí yóò mu sílẹ̀ dè é.

“Inú kòtò ni mo fi í sí, màmá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni ìyá àgbà wí, ó sì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Súrà kan wà tí mo ti há sórí láti kékeré, tó ní lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ wọn óò bi wá nípa gbogbo ìgbádùn. Mo ti máa ń kà á bíi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí olówó, tí wọ́n ṣì gbé wá sí ojúlé mi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé omi tó dùn wà lára ìgbádùn, àti pé orúkọ mi ló wà lẹ́yìn lẹ́tà náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé korobá lọ sí kòtò. Mo gbọ́n korobá mẹ́tàlélógún, mo gbé e kọjá títì lọ dà sínú igbó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń yan gàrí ní awọnlẹ̀ ti di alágbàṣe. Àlàájì ní Ọlọ́run yóò san án fún mi. Òun kò fọwọ́ kan korobá. Ní ọjọ́ kejì, kòtò ti tún kún. Wọ́n ti rí ẹni tí yóò máa gbé e, nítorí náà àwọn díẹ̀ tó ṣì ń gbọ́n tiwọn náà jáwọ́. Bí mo bá ti ń bọ̀, wọ́n á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ láàdá o!” Wọ́n ń fi láàdá mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń fi omi wọn ṣe ẹrù mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá àgbà fún ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Ó mú korobá kékeré kan, ó ń fi ọ̀pá táálẹ̀ sọdá títì, ó lọ, ó bọ̀, títí ó fi pé mẹ́fà. Ó gbé korobá kalẹ̀.

“Màmá, ó ku púpọ̀ nínú rẹ̀.”

“Tèmi ni mo gbé. Tìrẹ, ìwọ gbé e. Tiwọn, àwọn ni wọ́n máa bi. Ẹnìkan kì í ru ẹrù ẹnìkan lọ́jọ́ náà.”

Òótọ́ ló sọ. Kùránì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n kà ló sì rán mi létí. Lọ́jọ́ náà, wọn ó ya ti Àlàájì sọ́tọ̀, wọn ó ya ti àwọn ẹlẹ́rìn-ín sọ́tọ̀, wọn ó ya korobá tèmi tí n kò gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sọ́tọ̀. Ara mi sì ti ń wọ̀nà fún ìgbà tí wọn yóò ka ti àwọn kan jáde.

Ṣùgbọ́n nínú kànga, kò sí ẹni tó ya ti ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilé kéwú, ìgò kan sì ni fún ọmọ mẹ́rìnlá. Mo wo aago mi: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gbọ́n omi ẹ̀gẹ́ wọn.