Kòkòrò Inú Málínà Rimma

Bí ènìyàn bá béèrè ní abúlé ọgbà wa lẹ́bàá odò Oka pé málínà ta ni kì í ní ìdin, ọ̀dọ̀ Rimma Arkadievna ni wọn yóò júwe fún un. Aránṣọ ni Rimma kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kì í fi oògùn olóró sí ọgbà rẹ̀, nítorí pé orí igi ni a ti máa ń já málínà, èso pupa kékeré náà, sẹ́nu. Nígbà tí òdòdó bá ń rúdí, tí òtútù òwúrọ̀ ò tíì jẹ́ kí kòkòrò lè fò, yóò tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ igi, yóò gbọn ẹ̀ka, kòkòrò kéékèèké yóò sì máa já bọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ́n omi ewé kíkorò tí ó ti sè sára igi, yóò sì bu eérú sí ìdí rẹ̀.

Inú omi iyọ̀ ni ó yẹ kí ó da kòkòrò wọ̀nyẹn sí. Gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dun Rimma, korobá omi wúwo, pákó tí ó pààlà ọgbà rẹ̀ sì wà nítòsí. Ọgbà Lida Sotnikova ni ó wà lódìkejì. Ó ti ń di igbó, torí láti ìgbà yìnyín ni Gennady, ọkọ Lida, ti wà nílé ìwòsàn. Àràárọ̀ ni Rimma ń gbọn aṣọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, kòkòrò a jí, wọn a sì lọ yé ẹyin tí ń di ìdin sínú òdòdó Lida.

Kí èso tó pọ́n ni tọkọtaya náà padà dé, tòun ti ikọ́ Gennady. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń fi ikọ́ wọ ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa láìsí málínà tí a fi ṣúgà sè nílé.

Níbi oúnjẹ ìkórè, kálukú a máa da omi iyọ̀ sórí èso rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìdin bá léfòó nínú tirẹ̀ ni yóò fọ abọ́. Ìdin bo ojú omi Lida.

Rimma wò ó, ó ní, “Lida, ṣé èso lo gbé wá ni, àbí ẹran?”

A rẹ́rìn-ín. Lida náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọ abọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó wá bá Rimma pé kí ó kọ́ òun. Rimma ṣàlàyé ohun gbogbo, láti orí aṣọ dé orí eérú, Lida sì ń tẹ́tí bí ọmọ iléèwé.

Lida wá béèrè pé, “Tí wọ́n bá ti bọ́ sórí aṣọ, Màmá, ibo lẹ ń dà wọ́n sí?”

Ìdáhùn pé inú omi iyọ̀ ni ti dé ẹnu Rimma. Ṣùgbọ́n Gennady ń húkọ́ lẹ́yìn pákó, Rimma sì ń gbọ́ ọ.

“Ọ̀dọ̀ yín ni.”

“Ọ̀dọ̀ wa bí i báwo?”

“Mo ń gbọ̀n wọ́n sí ẹ̀yìn pákó yẹn. Mo rò pé ẹ ò ní padà wá mọ́.”

Lida yíjú sí ìhà ibi tí Gennady ti ń húkọ́.

“Ẹ ti bá mi sin ọkọ mi nìyẹn.”

Rimma kò lè gbójú sókè. Ní ìrọ̀lẹ́, ó já gbogbo èso rẹ̀ tó pọ́n, ó gbé e lọ. Lida gbà á, nítorí ikọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn láìdúpẹ́.

Nígbà tí òdòdó tún rúdí, ọgbà Lida ni Rimma ń kọ́kọ́ yà sí láràárọ̀, tòun ti korobá omi iyọ̀. Àwọn tí ń kọjá a máa yìn ín pé aládùúgbò rere ni.

“Ẹ má yìn mí,” ni yóò wí. “Èmi ni mo kó kòkòrò wọ̀nyí wá síbí.”

Wọn a béèrè pé báwo, yóò sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ojú nílẹ̀. Lida a máa tu koríko nìṣó nítòsí, kò ní sọ pé ó tó.