Bàtà Tí Mo Fi Pààlè

Bàbá mi ní ìlà ebè méjì tí kì í kà mọ́ oko rẹ̀. Oko náà wà lẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀yìn Ìkirè lọ sí Àpòmù, ìlà ebè méjì yìí ló sì kángun sí ọ̀nà. Ọ̀dùnkún ni Bàbá máa ń gbìn sí i lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa lọ́nà lè yà síbẹ̀ kó wa ọ̀kan tàbí méjì jẹ ní tútù, ìbáà jẹ́ ẹni tí a mọ̀ tàbí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Òfin mẹ́ta péré ni Bàbá fi lélẹ̀: jẹ ẹ́ níbẹ̀, fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o sì ki ìtàkùn rẹ̀ bọ ilẹ̀ padà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lójú oko, ebi ló ń pa á. Ẹni tó bá dì í lẹ́rù lọ sílé, olè ni. Èèpo tó wà nílẹ̀ ni Bàbá fi ń mọ ìyàtọ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé gbogbo oko kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olóko tó bá wa pààlà máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó ń bọ́ ọmọ tí kò bí. Ẹ̀rín ni Bàbá máa ń rín. "Ìlà méjì ò lè sọ mí di tálákà," ni yóò wí, "ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹnì kan délé." Bó bá dé oko tó rí èèpo tuntun, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé àlejò pàtàkì ló wá kí i tí kò bá a nílé.

Èmi kò jọ Bàbá. Inú mi tètè máa ń ru, ojú mi sì máa ń wà lára ohun tí ẹlòmíràn bá ń jẹ. Láti kékeré ni mo ti máa ń mọ iye ẹran tó wà nínú ìkòkò ìyá mi, kò sì sí ẹni tó ní kí n kà á.

Ní àárín àwọn ọdún 1980 tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpòmù, ilé Bàbá ní Ìkirè ni mo sì ń gbé. Nǹkan le nígbà náà. Gàrí wọ́n bí ojú, owó oṣù àwa tíṣà sì máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n èmi ní oko Bàbá lẹ́yìn mi, ebi kò pa mí sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí àìsàn mú Bàbá ní ọdún náà, tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ, oko bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ń ráyè dé ibẹ̀, màá ro ó títí ẹ̀yìn á fi máa dùn mí.

Obìnrin kan wà tí tábìlì rẹ̀ kan tèmi nínú yàrá àwọn tíṣà. Ó fi bí ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, Àǹtí ni mo ń pè é. Ìkirè ni òun náà ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, èmi sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà, nítorí náà a máa ń fi ṣọ́ọ̀ṣì ara wa ṣe àwàdà. Láàárọ̀, èmi á wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù, òun á fẹsẹ̀ rìn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká jọ wọkọ̀," ni mo máa ń wí.

"Àbúrò mi, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi ò tíì sọ fún mi pé ó ti rẹ òun."

Bí àwọn ọmọ bá jáde fún ìsinmi tí gbogbo wa sì tú oúnjẹ wa, òun á gbé ìwé àwọn ọmọ síwájú, á máa máàkì. Bí ẹnì kan bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, á ní òun ń gbààwẹ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ó fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ áńgẹ́lì ni. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ àkàrà mi tán níwájú rẹ̀. Mo máa ń rí àbàwọ́n dúdú ní orí ìka rẹ̀. Yíǹkì ni mo pè é, torí kí ni ì bá tún wà lọ́wọ́ tíṣà?

Ní Sátidé kan, mo dé oko, mo bá èèpo rẹpẹtẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ti wa ebè mẹ́sàn-án. Òjò ti pa mí dé oko, ọkọ́ sì ti bó mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Inú bí mi débi pé mo ń dá nìkan sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ro ó, ta ni ń jẹ ẹ́? Olóko tó bá wa pààlà gbọ́ ohùn mi, ó kọjá wá.

"Pa ààlè sí i," ló wí. "Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́."

Kò sí ọmọ agbègbè wa tí kò mọ ohun tí ààlè ń sọ: ẹni tó bá mú nǹkan tí wọ́n pa á sí, ibi ni yóò mú òun náà. Mo wá ṣùkù àgbàdo, mo wá ìkaraun ìgbín, mo fa aṣọ pupa kékeré kan ya. Ó ku bàtà. Ẹsẹ̀ kan sáńdààlì mi àtijọ́ wà nínú ahéré, aláwọ̀ ilẹ̀ ni, èyí tí ṣúméékà ti fi okùn búlúù rán etí rẹ̀. Mo so gbogbo rẹ̀ rọ̀ sórí igi kan láàárín ìlà méjèèjì. Orin ìjọ ni mo ń kọ bí mo ṣe ń so ó.

Nígbà tí mo délé, Bàbá bi mí láti orí ibùsùn pé, "Ṣé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀nà ń jẹ?"

"Wọ́n ń jẹ, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ń ki ìtàkùn bọ ilẹ̀ padà?"

N kò tiẹ̀ wò ó. Mo ní wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ààbọ̀ ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó súre fún mi. Ìre yẹn ṣì ń pọ́n mi lójú títí di òní.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sí èèpo tuntun kankan. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tu koríko, mo rí i pé ìtàkùn tútù ti ń rúwé lórí ebè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí wọ́n wa. Ẹnì kan ti fara balẹ̀ kì wọ́n bọ ilẹ̀, ó sì ti fọwọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ wọn. Mo rí i kedere. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n kàn hù fúnra wọn ni, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tí ààlè náà pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí ń darí orin òwúrọ̀ níwájú àwọn ọmọ tó tò sórí ìlà. Ohùn rẹ̀ já lójijì, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwa tíṣà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sí ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ béèrè ohun tó jẹ, èmi ni mo yára dáhùn.

"Ó ń gbààwẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan awọ ọrùn rẹ̀, ó wò mí. "Èyí kì í ṣe ààwẹ̀, tíṣà. Ebi ni."

Ó ní kí n bá òun mú nǹkan tí a lè fi nu ojú rẹ̀. Mo ṣí báàgì Àǹtí láti wá áńkáṣífù. Ọ̀bẹ kékeré kan ni mo bá níbẹ̀, ó fi ìwé tí a ya lára ìwé ọmọ iléèwé wé e. Oje ọ̀dùnkún ti gbẹ mọ́ ojú ọ̀bẹ náà, ó dúdú bí àbàwọ́n tí mo ń pè ní yíǹkì. Mo wo ìka rẹ̀ lórí ibùsùn. Ìka náà mọ́ tónítóní, kò sí àbàwọ́n kankan níbẹ̀ mọ́. Mo dé báàgì náà padà, mo ní n kò rí áńkáṣífù.

Mo sáré dé oko lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo já ààlè, mo jù ú sínú igbó. Mo rò pé bí ara rẹ̀ bá yá, màá jẹ́wọ́. Ara rẹ̀ yá, n kò jẹ́wọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ra àkàrà ìdì méjì wá sílé-ìwé. Bí mo bá ti ọ̀kan síwájú rẹ̀, á ní, "Mo ń gbààwẹ̀, àbúrò mi," kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Kí sáà náà tó parí, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí, Ìkòyí tiwa níbí, kì í ṣe ti Èkó.

Bàbá kú nígbà ọyẹ́. Ó tún béèrè àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀nà lọ́wọ́ mi kó tó kú, mo sì tún fún un ní ìdáhùn kan náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbin ìlà méjèèjì bí Bàbá ṣe ń gbìn ín. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Mo ti já ààlè, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ti lọ jìnnà, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í padà wá wò ó bóyá olóko ti yí ọkàn padà. Òkété ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ ebi tó wà láyé bí ẹni pé ìjọba àti àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ló lè ṣe nǹkan sí i. Ọ̀rọ̀ náà kì í bá mi lára mu. Ìlà ebè méjì ni Bàbá fi ń ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ni mo fi bà á jẹ́.

Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó tún rí Àǹtí. Àwọn ọdún 1990 ti dé ìdajì nígbà náà, mo lọ síbi ìsìnkú tíṣà ẹlẹgbẹ́ wa kan ní Ìkòyí, mo sì béèrè ilé rẹ̀. Iwájú ilé ni mo bá a, ó jókòó lórí àpótí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun.

"Àbúrò mi!" ló pariwo. Ó fi ọwọ́ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ dì mọ́ mi.

Mo kúnlẹ̀ kí n má baà tún rí àyè sá. Mo sọ ọ̀rọ̀ oko fún un, mo sọ ti ọ̀bẹ inú báàgì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Dìde," ló wí. "Mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín, Àǹtí?"

"Bàtà rẹ ni. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo sìn ọ́ lọ sọ́dọ̀ ṣúméékà tó fi okùn búlúù rán an? Baba rẹ fúnra wọn ló pè mí yà lọ́jọ́ kan tí wọ́n rí i pé mo ń rìn tàgétàgé, wọ́n kọ́ mi ní òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun àárọ̀, kí ìwọ̀nba tó wà nílé lè kárí àwọn ọmọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo dé ibẹ̀, mo rí bàtà rẹ. Mo ní, ó ti mọ̀ pé èmi ni, ó wá fi bàtà rẹ̀ sọ ọ́ fún mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó tì mí, tó rò pé mo mọ̀, tí mo sì ń jẹ àkàrà.

"Àǹtí, mi ò mọ̀! Mo fi Ọlọ́run búra. Ká ní mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, mi ò ní ṣe é láéláé."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á tù ú nínú. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó bẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ló wí. "Ká ní kì í ṣe èmi wá ńkọ́? Ká ní ẹni tí o ò mọ̀ rí ni, ṣé o ò ní fi bàtà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ títí dòní?"

Kò fi ipá gba ìdáhùn lọ́wọ́ mi. Ó dìde, ó wọlé, ó bu ọ̀dùnkún sísè sínú abọ́ wá fún mi, ó ní kí n jẹun torí ọ̀nà Ìkirè ṣì jìn. Mo bó o, mo jẹ ẹ́, n kò lè gbójú sókè. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo kó èèpo rẹ̀ sọ́wọ́, mo ń wá ibi tí màá dà á sí.

"Fi sílẹ̀ níbẹ̀," ló wí.